Ọrun Tí Mo Ṣẹ́ Nígbà Tí Mo Wà Lọ́mọdé

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Àbújá ni mò ń bá sọ̀rọ̀, láti Kúbwà dé Nyanya, láti Lugbe dé Gwagwalada. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ mí sí oníṣòwò pákó ní Dei-Dei. Àwọn kan tilẹ̀ ti ra pákó òrùlé lọ́wọ́ mi tí owó rẹ̀ ṣì kù nílẹ̀ (àwàdà ni o, ṣùgbọ́n ẹ ṣáà san án). Ọ̀rọ̀ òwò kọ́ ni mo gbé wá lónìí. Ọ̀rọ̀ ọrun àti ọfà ni, ó sì ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún tó kọjá.

Kí n tètè là á yé yín, torí àwọn ọmọ wa tó ń kà á: ọrun tí mò ń wí yìí ò ní àmì kankan lórí. Kì í ṣe ọ̀run tí gbogbo wa ń gbàdúrà pé ká tó pẹ́ ká tó dé, kì í sì í ṣe ọrùn tó gbé orí dúró. Ọrun ni igi tí a tẹ̀, tí a so ọṣán mọ́ níkangun méjèèjì, tí a fi ń ta ọfà. Ọmọ mi tó kéré jù rí i nínú fíìmù, ó wá bi mí pé ṣé Yorùbá náà lò ó rí àbí àwọn òyìnbó ni wọ́n ṣe é. Mo dá a lóhùn pé a lò ó. Ó ní, "Dádì, tiwa dà?" Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi, torí èmi fúnra mi ni mo ṣẹ́ tiwa.

Òkè-Ògùn ni ilé wa wà. Bàbá tó bí bàbá mi, ọdẹ ni wọ́n. Mo kéré nígbà tí wọ́n papòdà, ṣùgbọ́n ọrun wọn wà lókè àjà, pẹ̀lú apó awọ kan tí èkúté ti jẹ ìdí rẹ̀ lu. Nígbà tí mo tó bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, èmi àti àwọn àbúrò mi gun òkè àjà, a gbé e sọ̀kalẹ̀. Ọṣán rẹ̀ ti já tipẹ́. A fi okùn ọ̀rá so ó, èmi tí mo dàgbà jù ni mo sì fà á. Mo fà á bí ẹni ń fa omi nínú kànga. Ó dún pàá! Ó dá sí méjì, ìlàjì kan fò lọ bá ògiri. Mo ti ń múra sílẹ̀ fún ẹgba, ṣùgbọ́n bàbá mi ò nà mí. Wọ́n ṣa igi méjèèjì, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ẹni tó lè gbẹ́ irú ẹ̀ ti kú." Wọ́n dá a padà sókè àjà. Nígbà tí a tún òrùlé ṣe, a ò rí i mọ́. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọṣán já, ọrun di ọ̀pá. Tiwa ò tilẹ̀ di ọ̀pá, mo fura pé igi ìdáná ló dà.

Ó dáa. Ká wá sọ ìtàn rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ní nǹkan bí ọdún 1796, ní Ọ̀yọ́-Ilé, Aláàfin Aólẹ̀ rán àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ kọ lu Ìwéré. Ìlú yẹn wà ní Òkè-Ògùn tiwa níbẹ̀, èèwọ̀ sì ni fún Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò láti gbógun tì í. Àfọ̀njá ti Ìlọrin ni Kakaǹfò ìgbà náà. Dípò kí wọ́n jagun, wọ́n dìtẹ̀, wọ́n yí ogun padà sí Ọ̀yọ́, wọ́n sì fi igbá òfìfo ránṣẹ́ sí ọba. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àṣà ààfin mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: kí ọba lọ kú. Kí Aólẹ̀ tó kú, ó jáde sí gbangba ààfin, ó mú àwo amọ̀ kan àti ọfà mẹ́ta dání. Ó ta ọ̀kan sí àríwá, ọ̀kan sí gúúsù, ọ̀kan sí ìwọ̀ oòrùn. Ó ṣépè pé gbogbo ibi tí ọfà òun dojú kọ ni wọn yóò kó àwọn ọmọ wọn lẹ́rú lọ. Ó wá fọ́ àwo náà mọ́lẹ̀, torí àwo tó bá fọ́ ò ṣeé tò pọ̀ mọ́. Àlùfáà Samuel Johnson ló kọ èyí sílẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897, tí wọn ò rí tẹ̀ jáde títí di 1921.

Ìtàn yìí, gbogbo wa la ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n orí èpè là ń sọ, a kì í sọ̀rọ̀ ohun tó wà lọ́wọ́ ọba. Ọba ò yọ idà. Ó lè ní ìbọn láàfin, torí ìbọn ti wà létíkun nígbà yẹn, kò sì yìn ín. Lójú tèmi, idà ò lè kúrò lọ́wọ́ ẹni tó mú un, ìbọn sì jẹ́ ohun tí wọ́n rà lọ́wọ́ àlejò. Ọfà ló lè bá ọba rìn lọ síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dé. Ibi tí Johnson tún ti jọ mí lójú ni ikú Àfọ̀njá fúnra rẹ̀, ní nǹkan bí 1824, nígbà tí àwọn tó ti gbé ara lé yí padà sí i. Ó ní ọfà àti ọ̀kọ̀ tí wọ́n rọ̀jò rẹ̀ lé e pọ̀ débi pé òkú rẹ̀ ò wó lulẹ̀, orí igi ọfà ló dúró lé.

Ní oṣù kìíní ọdún 1826, Clapperton, ará Scotland, wọ Ọ̀yọ́-Ilé, ọrun àti ọfà ló sì rí lọ́wọ́ púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun Aláàfin. Àwọn ará Ọ̀fà náà ní tiwọn: ìtàn ìlú wọn sọ pé ọmọ ọba Ọ̀yọ́ kan, Ọlálọmí Ọlọ́fàganà, ọdẹ àti tafàtafà, ló tẹ ìlú náà dó. Bí mo bá ṣì í sọ, ẹ tún un ṣe nísàlẹ̀, ẹ má torí ẹ̀ pè mí síta wá jìjàkadì. Àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba Ìlọrin relé ọdún, nígbà tẹ́ ẹ bá ń sáré kọjá lórí afárá Jẹ́bbà tẹ́ ẹ ń wá ẹja díndín, ẹ rántí pé ní erékùṣù Jẹ́bbà yẹn ni wọ́n ti rí ère idẹ ńlá kan, ọkùnrin ológun tó gbé apó ọfà. Àwọn Núpé so ó mọ́ ìtàn Tsoede, baba ńlá àwọn ọba wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gba ibẹ̀ kọjá kí n tó mọ̀.

Ọ̀nà kan ṣoṣo kọ́ ni ọfà gbà jáde nílẹ̀ wa. Kétu tó wà ní ilẹ̀ Benin lónìí, ìlú Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ni, òrìṣà ọdẹ. Àwọn ará Dahomey fọ́ ìlú náà ní 1886, ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ti ń kó àwọn ọmọ ibẹ̀ lẹ́rú gba òkun lọ. Lónìí ní Brazil, irin kékeré tí wọ́n rọ bí ọrun tí ọfà wà lórí rẹ̀ ni àmì Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, wọ́n sì ń pè é ní ofá. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ mi ò mọ̀ ní Àbújá, ẹni tí ò gbọ́ Yorùbá mọ̀ ọ́n ní Bahia. Mi ò mọ bí ẹ ṣe máa gba ìyẹn, èmi rò ó títí mo fi sùn.

Kí ló wá pa á? Ìbọn ni. Nígbà ogun Kírìjì, láti 1877 títí wọ́n fi tú ká ní 1893, dídún ìbọn ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Àwọn Èkìtìparapọ̀ gba ìbọn tuntun tí à ń kì láti ẹ̀yìn lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wọn ní Èkó, Ìbàdàn rí ìyà nítorí ẹ̀. Ọmọkùnrin tó bá dàgbà nígbà yẹn, ta ni yóò lo ọdún mẹ́wàá láti kọ́ ọfà títa, nígbà tó lè fi oṣù kan kọ́ ìbọn? Ọrun padà sí oko ọdẹ, ó sì tún lo ìgbà díẹ̀ níbẹ̀ kí ṣakabùlà tó lé e gun òkè àjà.

Níbí tí a wà yìí, ó pẹ́ kí ó tó gun àjà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí pèèjì wa, dípò kí n kàn sọ ọ́ fọ́mọ mi.

Ẹ jẹ́ ká rántí pé a bá àwọn kan níbí. Gbagyi ni wọ́n, àwa ń pè wọ́n ní Gwárí, wọn ò sì fẹ́ràn orúkọ yẹn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ẹ máa ń rí tí obìnrin wọn ń fi èjìká ru ẹrù dípò orí, àwọn ni. Nígbà tí àwọn oníjìháàdì gba Zaria ní 1804, ọba Hausa tó wà níbẹ̀, Makau, sá wá sí Zúbà. Bẹ́ẹ̀ ni, Zúbà tí a ti ń wọkọ̀ yìí! Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Abu Ja àbúrò rẹ̀ tẹ Àbújá dó ní 1828, ìyẹn ìlú tó ń jẹ́ Suleja lónìí. Ọba Fúlàní ò rí wọn ṣẹ́gun. Òkè àti àpáta pọ̀ níbí, àwọn Gbagyi àti Koro sì wà lórí ẹ̀ pẹ̀lú ọfà olóró. Ẹṣin ò lè gun àpáta. Òkè Zuma tó wà lẹ́yìn owó ọgọ́rùn-ún náírà, ibi ìsádi ni fún wọn kó tó di ibi tí a ń ya fọ́tò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló wá fi ìbọn gba Àbújá ní 1902.

Lẹ́yìn ìyẹn, òfin kẹfà ọdún 1976 sọ ilẹ̀ wọn di ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀. Ìgbìmọ̀ tó yan ibí yìí, ọmọ Yorùbá ló ṣe alága rẹ̀, Adájọ́ Akinola Aguda. Wọ́n kọ́kọ́ ní àwọn yóò kó gbogbo onílẹ̀ kúrò, wọ́n tún yí i padà, wọ́n kó àwọn kan, wọ́n fi àwọn kan sílẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991, ìjọba kó dé láti Èkó, àwa náà tẹ̀ lé e.

Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kó kúrò lábúlé ni bàbá Gbagyi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn, wọn ò rán mi níṣẹ́.

Lẹ́yìn ìbéèrè ọmọ mi yẹn, mo ní mo máa gbẹ́ ọrun. Ṣebí oníṣòwò pákó ni mí. Mo mú àpá tó gbẹ dáadáa, pákó tó tọ́ bí òpó, mo gé e ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Mo fi káfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ṣe é: àárín nípọn bí ọwọ́ ilẹ̀kùn, kí ọwọ́ lè rí ibi dì mú bíi ti inú fíìmù, apá méjèèjì tẹ́ẹ́rẹ́. Ó dára lójú. Mo fà á lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ̀. Mo fà á lẹ́ẹ̀kejì, ó dá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdìmú gan-an, pàá, ohùn kan náà tí mo gbọ́ lókè àjà nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ara mi bù mọ́lẹ̀.

Bàbá yìí wá ra àlòkù pákó tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ọgbà ewúrẹ́. Wọ́n rí igi tó dá, wọ́n gbé e, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Hausa la jọ ń sọ. Wọ́n ní, "Bàyárábè, ta ló kú tí o ń gbẹ́ àga fún?"

Wọ́n jókòó, wọ́n fi ìka tọ ojú igi náà fún mi. Wọ́n ní ayùn ni wọ́n fi la pákó mi, ayùn ò sì mọ ọ̀nà igi, ibi tí òṣìṣẹ́ bá darí rẹ̀ sí ló ń lọ. Ó ti gé àwọn okùn inú igi kọjá láìmọye ibi. Pákó tó gbé òrùlé dúró ò bìkítà fún ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọrun, apá tó dojú kọ ẹran, òun ni wọ́n ń fà bí okùn nígbà tí a bá tẹ ọrun. Okùn tí a ti gé díẹ̀ yóò já. Wọ́n ní igi ọrun, àáké la fi ń là á, kó ya gba ibi tí Ọlọ́run fẹ́ kó ya. Bí ó bá ya wọ́, ẹ wá igi mìíràn. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ta pákó, mi ò ronú sí i rí.

Wọ́n wá béèrè pé kí ni àárín rẹ̀ ń ṣe tó fi sanra. Mo ní ibi ìdìmú ni. Wọ́n ní, "Gbogbo igi gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Bí ẹnì kan bá jókòó láàárín tí kò ṣe nǹkan kan, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń pa."

Mo ti lọ kà nípa rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn lórí fóònù, òótọ́ pọ́ńbélé ni bàbá sọ. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà gbẹ́ ọrun onígi kan ṣoṣo. Èkíní ni èyí tí àárín rẹ̀ le, tí apá méjì nìkan ń tẹ̀. Èkejì ni èyí tó ń tẹ̀ láti ìkángun dé ìkángun, títí kan abẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Bí ẹ bá fà á tán, ó dà bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ ọrun ilẹ̀ wa, irú kejì yìí ni. Ìnira tẹ́ ẹ bá fi fà á, gbogbo ara igi ló pín in gbé, nítorí náà igi lè kúrú láìdá, ọdẹ sì lè gbé e gba inú igbó tó dí. Ìṣirò tí àwọn tó ń gbẹ́ ẹ ń lò ni pé kí ọrun tó ń tẹ̀ láàárín gùn ní ìlọ́po méjì ibi tí ọwọ́ rẹ fa ọfà dé, kí o fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e. Tèmi, mò ń fa ọfà dé ínṣì 26. Ìlọ́po méjì jẹ́ 52, fi márùn-ún lé e, ó di 57. Èyí tí àárín rẹ̀ le gbọ́dọ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi gbẹ́ ínṣì 48, mo tún fi àárín tí kò ṣiṣẹ́ há a láàárín. Ó yẹ kó dá.

Kì í ṣe tiwa nìkan o. Ọrun gbọọrọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi na àwọn Faransé ní Agincourt ní 1415, irú rẹ̀ náà ni, igi kan ṣoṣo tó ń tẹ̀ yíká. Ọkọ̀ ogun ọba wọn kan, Mary Rose, rì ní 1545. Nígbà tí wọ́n hú u jáde nínú òkun, tí wọ́n gbé e sókè ní 1982, ọrun tó lé ní 130 ló wà nínú rẹ̀ tí kò dá, wọ́n gùn tó mítà méjì. Tiwọn le gan-an, torí ara irin ni wọ́n ń ta á sí. Tiwa ò nílò kó le tó bẹ́ẹ̀, oró ló ń ṣe ìyókù iṣẹ́. Ìṣágẹ̀rẹ̀ ni ọ̀kan nínú ewéko tí àwọn ọdẹ ń lò, ọkàn ẹran ló ń mú. John Kirk, dókítà tó bá Livingstone rìn lórí odò Zambezi, gbé irú ọfà olóró bẹ́ẹ̀ sínú àpò kan náà pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ̀, ó fọyín tán, ó rí i pé ìlù ọkàn òun yí padà. Fraser ní Edinburgh ló wá yọ oògùn ọkàn jáde láti ara ewéko yẹn. Oògùn tí àwọn dókítà fún aláìsàn ọkàn lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọwọ́ ọdẹ aláwọ̀ dúdú ló ti wá. (Ẹ má lọ máa wá ewé kiri o. Ó ń pa ènìyàn.)

Bàbá mú mi lọ wá igi. Igi tí wọ́n fẹ́, dargaza ni Hausa ń pè é. Wọ́n ní ibi tí òun ti ń gé e nígbà èwe, ilé alájà méjì-méjì ló wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n sì nawọ́ sí i nígbà tí a ń kọjá nínú mọ́tò mi, wọn ò bínú, wọ́n kàn ń fi hàn mí bí ẹni ń fi ilé ẹbí han àlejò. A rí díẹ̀ lẹ́yìn Bwari. A gé méjì tó nípọn bí ọrùn ọwọ́, a fi àáké là wọ́n, a kun ojú ibi tí a ti gé wọn lọ́dà kí wọ́n má bàa ya bí wọ́n ṣe ń gbẹ. Mo fi wọ́n sókè páànù ṣọ́ọ̀bù fún oṣù mẹ́rin.

Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ni mo mọ̀ pé ojú ni iṣẹ́ yìí, kì í ṣe ọwọ́. Ẹ̀yìn igi, a ò fọwọ́ kàn án rárá ju ká bó èèpo. Inú ni à ń gbẹ́, àdá kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọ̀bẹ, lẹ́yìn náà àfọ́kù ìgò. A gbé àárín igi kọ́ ìṣó lára ògiri, a so okùn, èmi ń fà á sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bàbá jìnnà sẹ́yìn, wọ́n ń wò bó ṣe tẹ̀. Ibi tó bá le, wọ́n á fi ẹ̀fun sàmì sí i, ibẹ̀ nìkan ni kí n há. Ibi tó bá ti tẹ̀ jù, mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, ṣe ni kí n há gbogbo ibòmíì títí yóò fi bá a dọ́gba. Èmi ò ní sùúrù. Ní ọjọ́ kan tí wọn ò wá, mo há ibì kan jù. Ibẹ̀ rọ bí orúnkún, gbogbo ìnira wá síbẹ̀, ó sì dá ní ọjọ́ kejì. Èyí ẹlẹ́ẹ̀kẹta nínú ayé mi nìyẹn. Bàbá wò ó, wọ́n ní, "Ìyókù ọ̀kan."

Ọ̀kan yẹn, mi ò fọwọ́ kàn án láìsí wọn níbẹ̀. Àárín rẹ̀ tẹ̀, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ díẹ̀ ju apá méjèèjì lọ, wọ́n ní bí àárín bá tẹ̀ jù, yóò máa gbá ènìyàn. Ó ṣì ń gbá mi náà. Irú ọrun yìí, bí ẹ bá jọ̀wọ́ ọṣán, àárín ń padà bọ̀ sípò, ó sì ń lu àtẹ́lẹwọ́. Awọ ẹran la fi ṣe ọṣán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọfà náà, torí ohun tó yà mí lẹ́nu jù nìyẹn. Ọrun yìí ò ní ojú ibi tí wọ́n gé wọlé fún ọfà láti gbà kọjá, bíi ti àwọn ti òde òní. Igi wà lójú ọ̀nà. Ọfà dojú kọ ẹ̀gbẹ́, síbẹ̀ ó ń lọ tààrà. Báwo? Ní àwọn ọdún 1930 ni Hickman, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, fi kámẹ́rà tó yára gan-an ya á: ọfà ń tẹ̀ bí ejò, ó ń yí igi ọrun ká, lẹ́yìn náà ló ń tọ́. Bí ọfà bá le jù tàbí ó rọ̀ jù fún ọrun náà, yóò yà. Bàbá ò mọ Hickman. Wọ́n kàn mú koríko líle bíi márùn-ún, wọ́n tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí orúnkún, wọ́n ju mẹ́ta nù. Kò sí ìyẹ́ lẹ́yìn ọfà wọn. Irin tó wà lórí rẹ̀ ló wúwo, koríko fúyẹ́, orí ń fa ìdí tẹ̀ lé ara rẹ̀, ó sì tó fún ibi tí ọdẹ ti ń ta ẹran nítòsí.

A lọ ta á ní ojúlé wọn, sára àpò sìmẹ́ǹtì tí a kó iyẹ̀pẹ̀ sí. Èmi ta mẹ́wàá, méjì bà á. Ọmọ mi ta mẹ́wàá, mẹ́rin bà á, kò jẹ́ kí n gbádùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bàbá ta ẹyọ kan. Ọwọ́ wọn gbọ̀n nígbà tí wọ́n ń fà á, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, wọn ò fà á dé ìdajì. Ó wọlé sáàárín àpò. Àwọn ọmọ ọmọ wọn tó wà níbẹ̀ pariwo. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ kẹ̀kẹ́ Maruwa, sọ fún mi pé òun ò rí bàbá àwọn fọwọ́ kan ọrun rí.

Ọrun náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi, mo tú ọṣán rẹ̀ sílẹ̀ lápá kan bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo sì ń fi òróró pa á lóṣooṣù. Ọmọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ yẹn ti wá lẹ́ẹ̀mejì láti wọ̀n ọ́n. Àwa mẹ́ta ti gé igi mìíràn.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ yín nìyí. Bí ọrun bá wà lókè àjà nílé yín ní Ṣakí, ní Èkìtì, ní Ọ̀wọ̀, níbikíbi, nígbà tẹ́ ẹ bá lọ ṣọdún, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ má fà á! Ẹ wọ̀n ọ́n láti ìkángun dé ìkángun, ẹ wo bóyá àárín rẹ̀ sanra tàbí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bákan náà, ẹ bi àgbà tó bá wà nílé pé igi wo ni, kí ẹ yà á ní fọ́tò, kí ẹ sì gbé e síbí. Mo fẹ́ mọ bí tàwọn bàbá bàbá mi ṣe gùn tó, mi ò rántí mọ́.